Kí ni ká máa pe àwọn obìnrin Paris ọdún 1871?

Ẹ̀yin àgbà àti akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ dábàá pé ká máa pe àwọn obìnrin tó kópa nínú ìjọba Kọ́múùnù Paris, ìjọba tí àwọn ará Paris fúnra wọn gbé kalẹ̀ láti tako ìjọba ilẹ̀ Faransé, ní «olùrànlọ́wọ́ ọlọ̀tẹ̀», kí á sì túmọ̀ pétroleuse, orúkọ èdè Faransé tí àwọn ọ̀tá wọn fún wọn, sí «adánásunlé». N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Olùrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an, àwọn obìnrin yìí sì ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1871, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Faransé rán ọmọ ogun lọ kó àwọn ìbọn àgbá tó wà lórí òkè Montmartre ní Paris, àwọn obìnrin àdúgbò wà lára àwọn tó yí àwọn ọmọ ogun náà ká, tí wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ títí tí àwọn ọmọ ogun náà fi kọ̀ láti yìnbọn lu aráàlú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Elisabeth Dmitrieff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àti Nathalie Lemel, tó ń fi ìwé dídì jẹun, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ obìnrin kan sílẹ̀, tó ń wá iṣẹ́ fún àwọn aránṣọ, tó sì ń ṣètò ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Louise Michel, olùkọ́, gbé ìbọn. Nígbà tó dé iwájú ilé ẹjọ́ ológun ní oṣù Kejìlá, ó ní bí wọ́n bá dá òun sí, òun kò ní yé kígbe ẹ̀san. Wọ́n lé e lọ sí New Caledonia, erékùṣù Faransé kan ní òkun Pàsífíìkì. «Ajìjàǹgbara» ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ti «ọlọ̀tẹ̀», ojú ẹni tó wà lórí oyè nìkan ni a fi ń sọ ọ́.

Ti pétroleuse ló dùn mí jù. Nígbà tí Paris ń jó ní oṣù Karùn-ún, tí ọmọ ogun ìjọba ń pa aráàlú, wọ́n tan ìròyìn kálẹ̀ pé àwọn obìnrin ń gbé epo àtùpà kiri láti fi sun ilé. Àwọn onítàn tó tú ìwé ẹjọ́ wò kò rí ẹ̀rí pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Bí a bá wá kọ «adánásunlé», àwa náà ti dá wọn lẹ́bi. «Ẹni-àfẹ̀sùn-iná-kàn» ni mo dábàá: ó gùn, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀sùn sí ipò ẹ̀sùn.