Àbá lórí «kíkùn» àti irin tó ń hu èépo

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn tí wọ́n máa fi irin kan tó ń jẹ́ taiténíọ̀mù to eegun wọn bèèrè orúkọ kan fún gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara irin náà kó tó wọnú ènìyàn. Àbá méjì ló ti wọlé: «ìtọ́jú ojú irin» àti «kíkùn». N ò fara mọ́ ìkankan.

Ti àkọ́kọ́ ò gba àríyànjiyàn. Ẹ ka «ìtọ́jú ojú» fún ìyá àgbà kan ní Ìdí-Àbà, ẹ ó rí i pé dókítà olójú ló máa wá lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ «ara irin», bí a ṣe ń sọ pé ara ògiri.

«Kíkùn» ló nídìí díẹ̀. Wọ́n máa ń yọ́ èròjà kan tó bá ti inú eegun mu, wọ́n á fọ́n ọn mọ́ irin lára ní gbígbóná. Èmi á pe ìyẹn ní rírẹ́, bí a ṣe ń rẹ́ ògiri. Àmọ́ bí wọ́n bá fi atẹ́gùn fọ́n yanrìn líle lù ú, tí wọ́n sì rì í sínú ásíìdì, kí ni wọ́n kùn? Ńṣe ni wọ́n ha á kó lè rí ṣákiṣàki, kí eegun ríbi dì mọ́. Láti nǹkan bí 1952 tí Brånemark, dókítà ará Sweden, ti fi taiténíọ̀mù sínú eegun ehoro, tí kò ṣe é yọ mọ́, ni wọ́n ti mọ̀ pé eegun a máa mú un.

Ọ̀nà kẹta tí wọ́n ń gbà ṣe ara irin náà ló wù mí jù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kan irin yìí báyìí, ó ti hu èépo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nìyẹn. Wọ́n á wá kì í bọ omi ásíìdì, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, èépo náà á nípọn sí i. Bí wọ́n bá ṣe ń fi kún agbára iná, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ń yí: ó pọ́n bíi góòlù, ó di búlúù. Aláró Ìtòkú á wá ìkòkò aró tì níbẹ̀; ìmọ́lẹ̀ ló ń dárà lára èépo. Àwọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń dá síkúrù kékeré mọ̀ yàtọ̀ sí ńlá.

Ẹnìkan ní ká pè é ní «dídógùn-ún», nítorí ọ́síjìn ló ń para pọ̀ mọ́ irin. Kẹ́mísírì gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà kí wọ́n fi irin tó dógùn-ún sí òun nítan?

Nítorí náà: «àtúnṣe ara irin» fún gbogbo ẹ̀, kí rírẹ́, híha àti híhu èépo wà lábẹ́ rẹ̀. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé èépo iṣu a máa bó. Ẹni tó bá ní èyí tí kì í bó, kó mú un wá.