Kí ni ká pe ọnà Monet? Mo dúró ti àrífìrí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni orúkọ tí a ó máa pe irú àwòrán tí Claude Monet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà nílẹ̀ Faransé, èyí tí àwọn onílé ń pè ní impressionnisme. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: ọnà ìmọ̀lára, ọnà òǹtẹ̀ àti àfojúgánánní. Ẹnìkan tún ní ká kúkú máa kọ ọ́ ní impirẹṣọnísíìmù. Èmi ò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Àrífìrí ni mo mú wá.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká padà sí Le Havre, ìlú èbúté tí Monet dàgbà sí. Ní 1872, ó dúró sójú fèrèsé hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, ó sì ya ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Kùrukùru bo gbogbo omi. Òpó ọkọ̀ àti ihò èéfín ń hàn bàìbàì lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ kékeré kan ń kọjá, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ò sì ju ìlà dúdú mélòó kan lọ. Oòrùn pupa yòò láàárín àwọ̀ aró, ìtànṣán rẹ̀ lórí omi kò ju ìfàgún búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 48 sí 63 péré ni kánfáàsì náà.

Àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ tó lórúkọ jù ní Paris nígbà náà, máa ń dá iṣẹ́ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹrin 1874, Monet, Renoir, Pissarro, Degas, Sisley, Berthe Morisot àti àwọn mìíràn pawọ́ pọ̀, wọ́n ṣe ìpàtẹ tiwọn ní Boulevard des Capucines, nínú ilé tí Nadar tó ń ya fọ́tò ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Edmond, àbúrò Renoir, ló ń to orúkọ àwọn àwòrán sínú ìwé. Ó bi Monet léèrè ohun tí òun yóò pe àwòrán èbúté yẹn. Monet wò ó pé kò ṣeé pè ní àwòrán ìlú Le Havre, ó ní kó kọ Impression, ìyẹn bí nǹkan ṣe hàn sí ẹni tó wò ó. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, alámèyítọ́ kan, Louis Leroy, fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn Le Charivari. Ó kọ ọ́ pé bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kódà èyí tí wọn ò tíì yà tán, parí ju àwòrán òkun yìí lọ. Orúkọ náà mọ́ wọn lára. Nígbà tó fi di ìpàtẹ kẹta ní 1877, àwọn fúnra wọn ti gbà á.

Ara àkọlé àwòrán ọkùnrin kan ni orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ náà ti jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ Monet ló yẹ ká fi wọn ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí a bá dábàá.

Òǹtẹ̀ ò bá a mu. Mo mọ̀ pé impression àwọn Faransé bá ọ̀rọ̀ títẹ̀ tan, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tí a bá lù kì í kúrò níbi tí a lù ú sí. Ohun tí Monet ń lépa kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìmọ̀lára ló sún mọ́ ọn jù, n ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó dábàá rẹ̀ tọ́ka sí Castagnary, alámèyítọ́ tó kọ ọ́ sínú Le Siècle ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin yẹn pé kì í ṣe ilẹ̀ àti omi gan-an ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń yà, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó ń wò ó mọ̀ lára. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ wo bí àwa ṣe ń lo ìmọ̀lára lójoojúmọ́: ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹnìkan, a ní ká ro ti ìmọ̀lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ ní wọn ò ka ìmọ̀lára òun sí. Inú ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé lédè wa. Ojú ni Castagnary ń sọ. Monet ò sọ fún wa bóyá inú òun dùn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn tàbí inú òun bàjẹ́. Ó sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Edvard Munch ará Norway, tó ya àwòrán tí wọ́n ń pè ní Igbe ní 1893, òun ló ya ìmọ̀lára. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ yìí tán lórí Monet, kí la ó wá pe ti Munch àti àwọn ará Jámánì tó tẹ̀lé e?

Àfojúgánánní dùn létí. Ohun tí mo rí sí i ni pé nǹkan tó jìnnà la máa ń fojú gán-án-ní: mo fojú gán-án-ní ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀nà ló jìn. Fìrí ò bá ọ̀nà jíjìn ṣe, àkókò ló ń wọ̀n. Ohun tí mo rí fìrí lè wà níwájú mi gan-an. Kò kàn dúró ni.

Alàgbà kan láàárín wa ti ní àrífìrí bu iṣẹ́ náà kù, pé ẹni tó rí nǹkan fìrí ò rí i dáadáa, bẹ́ẹ̀ Monet a sì máa wo nǹkan fún wákàtí gbọọrọ. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ibi tí ẹ ti kọ̀ ọ́ gan-an ni mo ti gbà á. Ojú Monet kọ́ ló ń sáré, ìmọ́lẹ̀ ni. Ní 1890 àti 1891, ó ya òkìtì àlìkámà inú oko ìtòsí ilé rẹ̀ ní Giverny ní nǹkan bí ìgbà 25. Òkìtì ò kúrò lójú kan. Ó máa ń to kánfáàsì mélòó kan sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti yí, á gbé ti ọwọ́ rẹ̀ tì, á mú èyí tó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun mu. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gustave Geffroy, alámèyítọ́, ní oṣù kẹwàá 1890, ó ń ráhùn pé oòrùn ń tètè wọ̀ débi pé òun ò lè bá a, ó sì pe ohun tí òun ń wá ní instantanéité, ìyẹn bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Fìrí rèé! Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé kò wo nǹkan dáadáa, kó sọ fọ́tò àwòrán Le Havre di dúdú àti funfun lórí fóònù rẹ̀. Oòrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Monet fún un ní ìmọ́lẹ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú ti sánmà tó yí i ká, àwọ̀ pupa nìkan ló fi yà á sọ́tọ̀. Ìta ló ti kọ́ irú ìwòye yìí. Ayàwòrán kan, Eugène Boudin, ló mú un jáde lọ ya àwòrán ní Le Havre nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, túùbù ọ̀dà tí John Goffe Rand ará Amẹ́ríkà hùmọ̀ ní 1841 sì ti jẹ́ kó rọrùn láti gbé ọ̀dà rìn.

Lóòótọ́, inú ilé ni Degas ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kórìíra orúkọ Faransé yẹn. Édouard Manet, ayàwòrán mìíràn tí wọ́n máa ń kà mọ́ wọn, ò bá wọn ṣe ìpàtẹ rí; nínú mẹ́jọ tí wọ́n ṣe láti 1874 sí 1886, Pissarro nìkan ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Bí orúkọ àwọn onílé ò bá bò wọ́n tán, kò di dandan kí tiwa bò wọ́n.

Ní ti impirẹṣọnísíìmù, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á há a sórí láìmọ ohun tó ń sọ. Bó bá gbọ́ àrífìrí, ó ti mọ̀ pé nǹkan kan kọjá, ẹnìkan sì rí i.

Gírámà rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: à ṣíwájú rí fìrí, bó ṣe wà nínú àdàkọ àti àfọwọ́rá. Ọnà àrífìrí ni iṣẹ́ náà, alárífìrí ni ẹni tó ń ṣe é, àwòrán Le Havre á sì di Àrífìrí: Oòrùn Ń Yọ. Èyí tó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn ni ti Georges Seurat, ayàwòrán Faransé, tó gbé àwòrán tó fi àmì tó-tò-tó yà wá sí ìpàtẹ 1886. Àwọn onílé ń pe irú tirẹ̀ ní néo-impressionnisme, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ ká pè é ní àrífìrí tuntun, torí bí ọdún méjì ló fi ṣe àwòrán ńlá yẹn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ fún un, kó mú un wá.