Èmi àti ẹni tá a jọ ń du ipò kan náà ti ń fẹ́ra wa. Ṣé ká sọ níbi iṣẹ́ ni?

Ìlà212:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kẹ́ ẹ sì má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkùnrin kan ti jọ wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó, a ò sì gba ti ara wa rárá. Bí mo bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá láago mẹ́jọ, tirẹ̀ á ti wọlé láago méje àbọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, èmi ni màá kọ́kọ́ nawọ́, kí n lè bi í ní ìbéèrè tí mo mọ̀ pé kò ní rí dáhùn. Ológbò àti eku ni wọ́n ń pè wá ní ọ́fíìsì. Wọn ò kàn tíì fẹnu kò lórí èwo ni ológbò.

Fáìlì kan ló fà á tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Ìparí oṣù ni, èmi ló kàn láti ṣe àkópọ̀ ìnáwó. Mo parí rẹ̀ lálẹ́, mo sùn. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀, mo rí i pé ẹnìkan ti wọnú rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá òru ku díẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni mo rí níbẹ̀. Inú bí mi! Mo ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ọ̀gá dé ìdajì kí n tó wo ohun tó yí padà gan-an. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, ní ìlà 212. 48 ló yẹ kí n kọ, 84 ni mo kọ. Ó tún un ṣe, ó jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún èmi náà. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ni, iwájú gbogbo ìpàdé ni ǹ bá gbé e kalẹ̀ sí!

Mo pa lẹ́tà yẹn rẹ́. Mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀, mo ní, "Ìlà 212." Ó ní, "Mo rò pé oorun ló ń kùn ọ́."

Oṣù mẹ́rin rèé tá a ti ń fẹ́ra, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wàyí o, olórí ẹ̀ka wa ń lọ. Àwa méjèèjì la kọ̀wé béèrè fún ipò náà, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá wọlé ni yóò di ọ̀gá èkejì. Mo ti ń rò ó pé kí n yọ orúkọ mi kúrò.

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà:
Àbúrò mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Lọ ka ìwé òfin ilé iṣẹ́ yín lónìí. Ibi púpọ̀ ò ní kí ẹgbẹ́ má fẹ́ ẹgbẹ́, àmọ́ wọn kì í gbà kí ẹnìkan máa fọwọ́ sí ìsinmi àti owó oṣù ẹni tó ń fẹ́. Ìgbìmọ̀ olùdarí ilé oúnjẹ McDonald's yọ ọ̀gá àgbà wọn, Steve Easterbrook, ní November 2019 torí pé òun àti òṣìṣẹ́ kan ń fẹ́ra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ̀túntòsì ló gbà. Nígbà tí wọ́n wá rí i lẹ́yìn náà pé ó ju ẹyọ kan lọ, tó sì ti bò ó mọ́lẹ̀, owó àti ìpín-ìdókòwò tó lé ní mílíọ̀nù 105 dọ́là ló dá padà ní 2021.

Ẹgbẹ́ ṣì ni yín báyìí. Ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Ẹ jọ kọ ọ́, ìlà mẹ́ta ti tó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò kàn wọ́n.

Ojú_Inú:
Èmi ò ní fepo bọyọ̀. Ta ló kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ yọ orúkọ yín? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ lajú yín o! Ọ̀rẹ́ mi kan ka gbogbo ohun tó fẹ́ sọ níwájú ìgbìmọ̀ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé, ó sì kà á bí ẹni ka orí.

Bàbá_Ìbejì:
Ojú_Inú, ẹ rọra. Ní ìdìbò Amẹ́ríkà ti 1992, James Carville ń ṣiṣẹ́ ìpolongo fún Clinton, Mary Matalin tó ń fẹ́ ń ṣe ti Bush. Wọ́n dù ú títí ẹnìkan fi wọlé, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1993.

Èmi àti ìyàwó mi náà jọ du ipò kan rí, òun ni wọ́n mú. Mi ò ní purọ́, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rín mi ò dénú. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Títí dòní, bó bá bi mí nílé pé, "Ṣó o ti parí ẹ̀?", ọrùn mi ṣì máa ń le.

Ìlà212:
Ẹ ṣé gan-an. Ojú_Inú, èmi ni mo dá a rò, kò mọ̀. Alẹ́ àná ni mo tó sọ fún un. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sáré kí n lè lé ọ bá, o wá fẹ́ jókòó sójú ọ̀nà?" Ó bínú dénú.

A ti kọ lẹ́tà náà, ìlà mẹ́ta. Ó ní kọ́mà kan ṣáko ní ìlà kejì. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ mi ò tíì jẹ́ kó mọ̀. Ohun tí kálukú máa sọ níwájú ìgbìmọ̀, a ò bá ara wa sọ ọ́ o.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yìí la fi ránṣẹ́. Orúkọ tèmi ló ṣáájú.