Ṣé mo lè máa tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn píkọ̀ọ̀pù fún travel trailer wa?

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra travel trailer àlòkù lóṣù tó kọjá, ilé orí táyà tí à ń fi ọkọ̀ fà. Púlọ́ọ̀gì 30 amp ló ní, éésì rẹ̀ jẹ́ BTU 13,500. A fẹ́ wà á dé Cloudcroft ní New Mexico. Jẹnẹrétọ̀ inverter mi ń gbé watt 3,000, ó sì wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì. Mo fẹ́ dè é mọ́ ẹ̀yìn píkọ̀ọ̀pù lábẹ́ ìdérí, kí n máa tàn án níbẹ̀. Ó tún ku ọ̀kan: surge protector, ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo trailer lọ́wọ́ iná burúkú, ń sọ pé kò sí earth, kò jẹ́ kí iná wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Tómi, Dallas:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án sábẹ́ ìdérí láéláé. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe lọ́dún kejì sẹ́yìn, a ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀, a rò pé ó tó. Aago méjì òru, afẹ́fẹ́ yí padà. Aláàmù carbon monoxide, èéfín olóró tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, ló jí wa. Tómi ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di orí mú, ó ní èébì ń gbé òun. Fèrèsé iwájú trailer ló kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an! Èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ṣebí a mọ̀ ọ́n nílé, ìdílé tó sùn ti jẹnẹrétọ̀, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò jí. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu sálẹ́ńsà kọjú síbòmíràn. Wáyà nọ́ńbà 10 ni kẹ́ ẹ rà láti fi fa iná dé trailer, èyí tó bá tín-ín-rín jù á gbóná.

Oníṣẹ́ Iná, Atlanta:
Jẹnẹrétọ̀ yín ò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, àti earth jẹnẹrétọ̀ inverter kì í sábà so pọ̀ nínú, ìyẹn ló ń da protector láàmú. Púlọ́ọ̀gì kékeré kan wà tó ń so wọ́n pọ̀, ẹ fi bọ ihò kejì jẹnẹrétọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ iná campground, ibùdó tí wọ́n ń gbé trailer sí, o. Cloudcroft ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8,600 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, watt 3,000 yín lè wálẹ̀ sí bíi 2,200. Àmọ́ òtútù ni wọ́n ń bá fínra lóru níbẹ̀, kì í ṣe ooru. Gáàsì ni hítà ń jó, bátìrì ló ń yí fáànù rẹ̀. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì nírọ̀lẹ́ kí bátìrì gba iná, kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tó sùn.

Bàbá Ìbejì, Houston:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi àti aládùúgbò mi la jọ gbé e sọ̀ lánàá. Mo fi púlọ́ọ̀gì yẹn bọ̀ ọ́, protector gbà, éésì ṣiṣẹ́. Ìgbà tí ìyàwó mi tan máíkírówéèfù mọ́ ọn ni jẹnẹrétọ̀ gé iná. A ti pinnu pé ọ̀kan ṣoṣo la ó máa lò lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Tómi, mo lọ wo ẹ̀yìn aláàmù tó wà nínú trailer: ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá láti 2021. Mo ti ra tuntun.