Ṣáwà tí kì í tètè tú omi bí pọ́ǹpù tilẹ̀ wà

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ omi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni a ń gbé ní Ìbàdàn. Orí òpó irin ni táńkì wa wà, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò ga ju orí ṣáwà balùwẹ̀ òkè lọ ju bí ẹsẹ̀ bàtà 2. Nítorí pé omi kò lágbára, púlọ́ńbà bá wa so pọ́ǹpù kékeré kan mọ́ páìpù, irú èyí tó ń tan ara rẹ̀ bí omi bá ti ń ṣàn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọdún kan. Láti nǹkan bí oṣù 2 sẹ́yìn, bí ènìyàn bá ṣí ṣáwà, ńṣe ni omi á máa kán tó, tó, tó, pọ́ǹpù kò sì ní mira. Bí mo bá wá ṣí ẹ̀rọ omi ìfọwọ́, pọ́ǹpù á dìde, ṣáwà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi, bí mo bá sì ti ẹ̀rọ ìfọwọ́ náà pa, kò ní dáwọ́ dúró. Ìyá mi ti dàgbà, kò sì yẹ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ tútù rìn kiri kí wọ́n tó rí omi wẹ̀. Ẹni tí a pè ní kí a ra pọ́ǹpù tuntun. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn kìíní
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì náwó. Pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lẹ́yìn tó bá ti dìde kò tíì bàjẹ́. Súwíìṣì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé omi tó ń kọjá ló ń tì í. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ṣàn wá láti táńkì, bíi lítà 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan, kí súwíìṣì náà tó pe pọ́ǹpù. Ẹ̀rọ ìfọwọ́ wà nísàlẹ̀ ju ṣáwà lọ, ẹnu rẹ̀ sì là gbayawu, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi tó láti tì í. Táńkì yín kò yí ipò padà, nítorí náà nǹkan kan ti dí ọ̀nà ìwọ̀nba omi tó ń dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ tú orí ṣáwà kúrò, kí ẹ sì ṣí omi láìsí i. Bí pọ́ǹpù bá dìde, orí ṣáwà ló jẹ̀bi. Bí kò bá dìde, ẹ lọ wo asẹ́ tó wà lẹ́nu ibi tí omi ti ń wọ pọ́ǹpù.

Ìdáhùn kejì
Mo fara mọ́ ohun tí ọ̀gá sọ. Omi kànga ẹlẹ́rọ tó ní irin nínú ló dí tèmi: ẹrẹ̀ pupa dì sínú gbogbo ihò wẹ́wẹ́ orí ṣáwà. Mo rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn kẹta
Bí pọ́ǹpù yín bá ń kùn láìyí, iná tó lọ sílẹ̀ tàbí kapásítọ̀ (ohun tó ń ran mọ́tò pọ́ǹpù lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí) ni à bá fura sí, ṣùgbọ́n tiyín dákẹ́ pátápátá. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni so wáyà fo súwíìṣì náà kọjá, nítorí pé ọjọ́ tí táńkì bá gbẹ, pọ́ǹpù á máa yí lásán títí yóò fi jóná. Ẹsẹ̀ bàtà 2 kéré jù. Ẹ gbé táńkì sókè sí i, tàbí kí ẹ lo irú pọ́ǹpù tó ní táńkì kékeré onírọ́bà nínú, èyí tó ń dìde nígbà tí agbára omi inú páìpù bá ti lọ sílẹ̀, tí kò dúró de ìṣàn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo tú orí ṣáwà, omi yára díẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò dìde. Mo ti táńkì pa, mo yọ asẹ́: ẹrẹ̀ bo ó, téèpù funfun tí àwọn púlọ́ńbà máa ń wé mọ́ ẹnu páìpù sì ká sí i lójú. Mo fọ asẹ́ àti orí ṣáwà, mo dá wọn padà. Ìyá mi wẹ̀ lówùúrọ̀ yìí láìpe ẹnikẹ́ni. Wẹ́dà ń bọ̀ ní Sátidé láti wá wọn òpó táńkì.