Handbook (ìwé ìlànà iṣẹ́) kan ṣoṣo fún ìpínlẹ̀ mẹ́rin l'Amẹ́ríkà: báwo lẹ ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ sick leave (ìsinmi àìsàn)?

Àdùkẹ́_HR:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn là ń ṣe, Texas la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ la ti kọ handbook, ìpínlẹ̀ yẹn ò sì ní òfin tó ní kí iléeṣẹ́ aládàáni sanwó ọjọ́ àìsàn. Ní báyìí a ti ní òṣìṣẹ́ ní Minnesota, Michigan àti Missouri, ìwé kan náà la ṣì ń fún gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan ní Minnesota fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ laago márùn-ún ìdájí pé ibà dá òun dùbúlẹ̀, súpáfáísọ̀ wa ní kó mú ìwé dókítà wá kó tó wọlé, ó tún kọ póìǹtì kan, ìyẹn àmì ìjìyà fún ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ, sí i lọ́rùn torí bó ṣe wà nínú handbook nìyẹn, ọjọ́ méjì péré sì lọmọ ọlọ́mọ fi sinmi. Èrò mi ni pé tí mo bá ṣáà kọ iye wákàtí ìsinmi àìsàn tó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó tán. Àbí?

Bàbá_Payroll:
Rárá o, àbúrò, kò tán. Wákàtí ló rọrùn jù nínú ẹ̀. Minnesota ń fúnni ní wákàtí ìsinmi àìsàn 1 tí wọ́n máa sanwó ẹ̀ fún wákàtí iṣẹ́ 30 téèyàn bá ṣe, ó tó 48 lọ́dún, láti January 1, 2024. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè bèèrè ìwé dókítà àfi tó bá ti ju ọjọ́ iṣẹ́ méjì lọ léraléra, mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, July 2025 ni wọ́n dín in kù. Póìǹtì yẹn gan-an lòfin kọ̀ jù, wọn ò gbọdọ̀ ka ọjọ́ àìsàn tófin dáàbò bò mọ́ èèyàn lọ́rùn. Ẹ yọ ọ́ lónìí, kí ẹ pe ọmọ náà fúnra yín, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé ẹ ti yọ ọ́. Ohun mìíràn tún nìyí, tẹ́ ẹ bá ti ní handbook ní Minnesota, òfin ní kí ẹ̀tọ́ wọn wà nínú ẹ̀.

Yétúndé_MI:
Ẹ jẹ́ n fi ti Michigan kún un torí ibẹ̀ ni mo wà. Láti February 21, 2025, tí òṣìṣẹ́ yín bá ti ju mẹ́wàá lọ, wákàtí 72 lọ́dún ni, 48 ti Minnesota ò lè gbà yín níbí. Ìwé dókítà sì rèé, ó di ìgbà tó bá ju ọjọ́ mẹ́ta léraléra kí ẹ tó bèèrè, tẹ́ ẹ bá bèèrè, ẹ̀yin lẹ máa san ohun tó bá ná an láti gbà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ èyí, òṣìṣẹ́ tí ò lówó lọ́wọ́ ló wá ń fi àpò ara ẹ̀ san án, ó máa ń dùn mí gan-an.

Bàbá_Payroll:
Ó ṣeun, Yétúndé. Missouri wá ńkọ́, àwọn ará ìlú dìbò fún òfin ìsinmi àìsàn ní November 2024, ó bẹ̀rẹ̀ ní May 1, 2025, àwọn aṣòfin pa á rẹ́, ó parí ní August 28 ọdún yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ojú ìwé kan kúkúrú fún gbogbo yín, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ní ojú ìwé tiẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn lókè. Tí òfin bá yí, ojú ìwé kan lẹ máa pààrọ̀. Kí payroll, ìyẹn ètò ìsanwó òṣìṣẹ́, sì bá a mu o, torí ìwé lè dáa kí kọ̀ǹpútà ṣì máa ka wákàtí ti tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́_HR:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti yọ póìǹtì náà, mo pè é, ó ní òun ti rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni. Ìbéèrè kan ló kù: ẹni tó ń gbé Wisconsin àmọ́ tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Minnesota ńkọ́?

Bàbá_Payroll:
Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ibi tó ń sùn. Tó bá máa ṣe tó wákàtí 80 lọ́dún ní Minnesota, ó wà lábẹ́ òfin wọn.