Báwo ni mo ṣe lè kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun ní owó kíkà tí owó kò fi ní máa dín nírọ̀lẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ilé ìtajà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́ta. Mo fún wọn ní ìṣirò ṣe lórí bébà kí a tó gbà wọ́n, wọn kò sì ṣi ọ̀kan. Síbẹ̀, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, owó inú dúrọ́ọ̀ àti iye tí ẹ̀rọ kọ kì í bára mu. Nígbà mìíràn owó á dín, nígbà mìíràn á lé. Èyí tó ń lé yẹn ló dà mí láàmú jù, nítorí olè kì í fi owó kún owó. Kí ni mo fò nínú ohun tó yẹ kí n kọ́ wọn, ṣé kí n sì máa yọ èyí tó bá dín nínú owó oṣù wọn?

Ìdáhùn kìíní

Wọ́n mọ ìṣirò. Ọwọ́ wọn ni kò tíì mọ̀nà. Ẹni tó ń ṣe ìṣirò lórí bébà kò ní oníbàárà tó ń bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni mẹ́fà tó ń kánjú lẹ́yìn onítọ̀hún. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe máa yọ iye kúrò nínú iye bí wọ́n bá fẹ́ fúnni ní ṣéńjì, kí wọ́n máa kà á gòkè ni. Bí ọjà bá jẹ́ 640, tí oníbàárà sì mú 1,000 wá, kí òṣìṣẹ́ fi 10 lé e lọ́wọ́, kó pe “650”. Kó fi 50 lé e, kó pe “700”. Kó fi 100 lé e, kó pe “800”. Kó wá fi 200 parí rẹ̀ sí “1,000”. Kó pè é sókè, kí àwọn méjèèjì jọ máa kà á. Títí ìyẹn yóò fi parí, kí owó tí oníbàárà mú wá ṣì wà níta, lójú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀ kò ní ohun tí yóò fi jiyàn bí oníbàárà bá ní 1,000 ni òun mú wá, kì í ṣe 500.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo òwúrọ̀. Kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ka owó tí ẹ fi sílẹ̀ fún ṣéńjì kó tó dá oníbàárà kankan lóhùn, kó sì fọwọ́ sí iye tó bá. Dúrọ́ọ̀ kan, ọwọ́ kan. Nígbà kan, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fura sí ọmọbìnrin kan, kí n tó rí i pé ẹni tó ń dúró fún un bó bá lọ jẹun ni kì í ka ṣéńjì. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa oníbàárà tí í dá owó kíkà dúró láàárín, tí í ní kí wọ́n dá èyí padà kí òun fi kékeré kún un, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìyẹn fún òun. Ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà nìyẹn. Kí òṣìṣẹ́ parí ti àkọ́kọ́, kó ti dúrọ́ọ̀, kó tó gbọ́ èkejì.

Ìdáhùn kẹta

Ní ti kíkà ìrọ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí iye tí ẹ̀rọ kọ kí wọ́n tó kà á tán, torí ẹni tó bá ti mọ iye tí wọ́n ń retí yóò kà á débẹ̀ ṣáá ni. Kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ ní irú kọ̀ọ̀kan, kí ojú gbogbo rẹ̀ kọ síbì kan náà, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan irú mìíràn. (Kí wọ́n jọ̀wọ́ má fi itọ́ kà á, kànrìnkàn tútù wà.) Bí ìyàtọ̀ bá sì ṣe é pín sí ọ̀nà 9 láìṣẹ́kù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan gbé nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sípò ara wọn.

Ní ti yíyọ owó oṣù, òfin fi ààlà sí i ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ẹ bá ń yọ owó rẹ̀ yóò máa tọ́jú èyí tó lé lónìí pamọ́ láti fi dí èyí tó bá dín lọ́la, ẹ kò sì ní mọ ibi tí àṣìṣe wà mọ́.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ o. Owó ọ̀kan nínú wọn dín ní 270 lánàá. Mo pín in sí ọ̀nà 9, ó jẹ́ 30 gééré, la bá tú bébà rẹ̀ wò: 8,520 ló kà, 8,250 ló kọ. N kò ní yọ owó ẹnikẹ́ni. Láti ọ̀la, èmi ni n óò máa ṣe bí oníbàárà tó ń dá owó kíkà wọn dúró láàárín.